Bel Air: Mọ́tò Tí Wọ́n Ṣe Kó Má Pẹ́

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kọkànlá ọdún 1954, mọ́tò kan jáde ní iléeṣẹ́ Chevrolet tó wà ní ìlú Flint, ìpínlẹ̀ Michigan. Ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kùn ún látòkè délẹ̀. Àwọn irin ara rẹ̀ tó ju 600 lọ ni wọ́n sì fi ojúlówó wúrà bò. Òun ló pé àádọ́ta mílíọ̀nù mọ́tò tí General Motors ṣe ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe ìwọ́de fún un nígboro Flint lọ́jọ́ náà.

General Motors yìí ní Cadillac, ó ní Buick, ó ní Oldsmobile. Ká ní ọlá nìkan ni wọ́n fẹ́ fi hàn, Cadillac ni wọn ì bá fi wúrà bò. Àmọ́ Chevrolet Bel Air onílẹ̀kùn méjì, ti ọdún 1955, ni wọ́n mú, mọ́tò tí owó rẹ̀ lé díẹ̀ ní $2,000, tí tíṣà tàbí akọ̀wé lè san díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Chevrolet ló ń pawó tí gbogbo ilé fi ń jẹun.

Ohun tó jẹ́ ìyàlẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ Bel Air ni pé àwọn tó ṣe é kò retí kó pẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọn ò tiẹ̀ fẹ́ kó pẹ́. Láti ìgbà tí Alfred Sloan ti di ọ̀gá General Motors ní 1923 ni wọ́n ti to mọ́tò wọn ní ìpele-ìpele: Chevrolet nísàlẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí towó ṣe, Pontiac, Oldsmobile àti Buick láàárín, Cadillac lókè téńté. Ẹni tí ayé rẹ̀ bá ń dáa sí i á máa pààrọ̀ mọ́tò lọ sókè. Kí pípààrọ̀ yìí má baà falẹ̀, Sloan gba Harley Earl síṣẹ́ ní 1927, ó sì fún un ní yàrá ńlá kan tí wọ́n ti ń fi amọ̀ mọ àwòrán mọ́tò ọ̀la. Iṣẹ́ Earl ni kí ojú mọ́tò máa yí padà lọ́dọọdún. Bí aṣọ ẹbí èṣí ṣe máa ń rí lójú ẹni tó ń múra òde tuntun, bẹ́ẹ̀ ni Earl fẹ́ kí mọ́tò èṣí rí lójú ẹni tó ń wà á. Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ní ó sọ ní 1955, tí àwọn tó ń kọ ìtàn mọ́tò kì í fi sílẹ̀: pé ní 1934, ọdún márùn-ún lèèyàn ń lo mọ́tò kó tó pààrọ̀ rẹ̀, pé ó ti di ọdún méjì báyìí, àti pé tó bá di ọdún kan, àwọn ti gba máàkì tó pé.

Orúkọ Bel Air fúnra rẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn olówó. Adúgbò kan ni ní Los Angeles, lórí òkè, tí Alphonzo Bell là sílẹ̀ ní 1923 fún àwọn tí ilé lásán kò tó. Chevrolet yá orúkọ náà lò ní 1950 fún mọ́tò onílẹ̀kùn méjì kan tí kò ní òpó láàárín gíláàsì iwájú àti tẹ̀yìn. Tí èèyàn bá yí gbogbo gíláàsì sílẹ̀, ẹ̀gbẹ́ mọ́tò á ṣí gbayawu láti iwájú dé ẹ̀yìn, bíi ti mọ́tò olórùlé aṣọ, ṣùgbọ́n òrùlé irin ṣì wà lórí ẹni. Àwọn olówó nìkan ló ti ń gbádùn irú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Chevrolet gbé Powerglide jáde, jíà tí ń yí ara rẹ̀, èyí tí kò sí mọ́tò olówó pọ́ọ́kú mìíràn tó ní in nígbà náà. Bel Air tí wọ́n tà lọ́dún àkọ́kọ́ lé ní 76,000.

Ní 1953, Bel Air kúrò ní orúkọ mọ́tò kan ṣoṣo, ó di ìpele tó ga jù lọ lábẹ́ Chevrolet. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ á ra One-Fifty, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ á ra Two-Ten, ẹni tó bá fẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ àti irin dídán káàkiri ara á ra Bel Air. Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù, ó sì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láti 1929 ni Chevrolet ti gbára lé ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà. Kì í tètè bàjẹ́, kò náni lówó, ṣùgbọ́n kò lè sáré. Ford ti ń ta V8, ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́jọ, fún mẹ̀kúnnù láti 1932. Lójú àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà, Chevrolet ni mọ́tò tí ìyá àgbà ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ed Cole ló wá yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ó ti wà lára àwọn tó ṣe V8 tuntun fún Cadillac ti 1949 kí wọ́n tó fi í ṣe olórí ẹnjiníà Chevrolet ní 1952. Ẹ́ńjìnnì tí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé jáde fún 1955 jẹ́ kúbíìkì ínṣì 265. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti agbára nìkan, ti ìṣúnná ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìgbà náà, ọ̀pá gígùn kan ló máa ń gba àárín gbogbo apá tó ń ti fáàfù. Cole yọ ọ̀pá náà kúrò. Ó fi awẹ́ irin tí ẹ̀rọ tẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ìdè tirẹ̀, ọgbọ́n kan tí wọ́n rí lọ́dọ̀ àwọn ará Pontiac. Iṣẹ́ dín kù, owó dín kù, ẹ́ńjìnnì sì fúyẹ́ débi pé V8 yìí kò wúwo tó onísìlíńdà mẹ́fà tó ń bẹ nílẹ̀. Agbára ẹṣin 162 ló ní. Ẹni tó bá fowó kún owó á gba 180.

Kò ṣàìní àbùkù. Àwọn tó kọ́kọ́ jáde ń mu ọ́ìlì bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Àyè tí wọ́n máa fi fíltà ọ́ìlì sí gan-an kò sí lára ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá fẹ́ fíltà ni yóò ra ti ìta kó so ó mọ́ ọn. Àtúnṣe dé ní 1956. Ẹ́ńjìnnì náà kò sì dúró sójú kan: ó wọ Corvette, ó wọ ọkọ̀ ẹrù, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó wọ mọ́tò eré ìje. Ní 2011 ni General Motors ṣe èyí tó pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù nínú ìdílé ẹ́ńjìnnì náà. Tí wọ́n bá ní kí èèyàn mú ohun kan péré nínú gbogbo iṣẹ́ Chevrolet, ẹ́ńjìnnì yìí ló yẹ kó mú, kì í ṣe ara mọ́tò tó gbé e jáde.

Síbẹ̀, ara mọ́tò ni èèyàn ń rí. Ti 1955 jẹ́ tuntun pátápátá, ó lọ sílẹ̀ ju ti àná lọ. Àwo iwájú rẹ̀ ní ihò kéékèèké onígun mẹ́rin bíi ti Ferrari, Earl àti Clare MacKichan tó ń darí yàrá àwòrán Chevrolet kò sì fi bò pé ibẹ̀ ni àwọn ti wò ó. Ọ̀dà méjì ló ń wà lára mọ́tò kan, funfun lókè, pupa tàbí búlúù nísàlẹ̀. Chevrolet tà tó mílíọ̀nù 1.7 mọ́tò lọ́dún náà. Wágọ̀n onílẹ̀kùn méjì kan tún wà, Nomad, tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ pa àwọn èèyàn lójú níbi àfihàn mọ́tò Motorama ní 1954 kí wọ́n tó tà á. Ó rẹwà, ó wọ́n, òjò sì máa ń ráyè wọ ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún mẹ́ta kò tó 23,000. Lónìí, àwọn tó ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ ń jà du Nomad yìí kan náà.

Láti fi hàn pé ìyá àgbà kọ́ ló ni Chevrolet mọ́, wọ́n gbé mọ́tò 1956 kan tí kò tíì dé ọjà lọ sí òkè Pikes Peak ní ìpínlẹ̀ Colorado, nínú oṣù Kẹsàn-án 1955. Wọ́n bo ojú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ bó ṣe rí. Ẹnjiníà Zora Arkus-Duntov, ọmọ Rọ́ṣíà tí wọ́n bí ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló wà á gun ọ̀nà ẹlẹ́rùpẹ̀ tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ náà ní ìṣẹ́jú 17 àti ìṣẹ́jú-àáyá 24. Kò sí mọ́tò irú rẹ̀ tó yára tó bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀.

Ọdún 1957 ló wá dé, ọdún tí gbogbo ayé mọ̀. Ọmọdé tí kò mọ orúkọ Chevrolet á mọ mọ́tò náà tó bá rí àwòrán rẹ̀: lẹbẹ méjì tó yọ ṣóńṣó lẹ́yìn, ẹnu tó gba gbogbo iwájú, nǹkan méjì tó dà bí ìbọn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ti Bel Air ní àmì wúrà mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú, àwo ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, awẹ́ alumíníọ̀mù onílà-ìlà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ V8, àmì V ńlá aláwọ̀ wúrà á wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì àti lórí búùtù, kí aládùúgbò lè mọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ ra epo sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lè yí mọ́tò ká kó má rí ihò epo. Ní 1956, ẹ̀yìn iná ọwọ́ òsì ni wọ́n fi pa mọ́ sí. Ní 1957, wọ́n gbé e wọnú lẹbẹ òsì: irin dídán tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró lóròó ní etí ẹ̀yìn lẹbẹ náà ló ń ṣí bí ilẹ̀kùn, ìdérí epo á sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá dé e padà, ojú ò ní rí ibi tí ó ti pín. Kò mú mọ́tò yára, kò dín epo kù. Ẹnìkan ṣáà jókòó, ó ronú sí i, ó sì gba ìyọ̀ǹda kí wọ́n náwó lé e lórí mọ́tò mẹ̀kúnnù.

Abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà ní tirẹ̀. V8 ti di kúbíìkì ínṣì 283, ẹni tó bá sì lówó lè sọ pé òun kò fẹ́ kábúrétọ̀, kí wọ́n fi Ramjet, ẹ̀rọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì, dípò rẹ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, agbára ẹṣin á di 283, ìyẹn ẹṣin kan fún kúbíìkì ínṣì kan. Àwọn onípolówó kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Ohun tí ìpolówó kò sọ ni pé ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kò mọ bí wọ́n ṣe ń tún Ramjet ṣe. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á ló yọ ọ́ dànù tó padà sí kábúrétọ̀. Ẹni tó bá rí ọ̀kan tó pé lónìí ti rí owó.

Ohun tí àwọn tó ń kan sáárá sí 1957 máa ń gbàgbé ni pé Bel Air yìí pàdánù lọ́jà lọ́dún náà. Ara 1955 ni, tí wọ́n tún fi lẹbẹ àti wúrà ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, nítorí ara tuntun kò tíì ṣetán. Ford ní tirẹ̀ gbé mọ́tò tuntun pátápátá jáde, ó gùn, ó lọ sílẹ̀, ó sì tà ju Chevrolet lọ. Òfin Earl ti bá ọmọ Earl: àwọn oníbàárà wò ó, wọ́n ní ti èṣí nìyí.

Láti ibẹ̀ ni orúkọ Bel Air ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. General Motors pé àádọ́ta ọdún ní 1958, wọ́n sì fẹ́ ohun tó ju Bel Air lọ, wọ́n wá mú Bel Air kan, wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ jù, wọ́n sọ ọ́ ní Impala. Ọdún kan péré ni Impala fi jẹ́ ọmọ abẹ́ Bel Air. Ní 1959, ó dá dúró, ó bọ́ sókè, ó sì ti Bel Air sí ipò kejì. Ó kéré tán, mọ́tò ọdún náà kò ṣe é gbójú fò: lẹbẹ rẹ̀ kò dúró lóròó mọ́, ó tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyẹ́ àdán, iná ẹ̀yìn rẹ̀ sì rí bí ojú ológbò. Earl ti fẹ̀yìn tì ní òpin 1958, Bill Mitchell sì ti gba ipò rẹ̀.

Mọ́tò 1959 yìí ló wá pa ìgbàgbọ́ kan tí kì í fẹ́ kú. Àwọn àgbà dírẹ́bà wa ní Èkó àti Ìbàdàn náà kì í jẹ́ ká gbádùn pẹ̀lú ẹ̀: irin àtijọ́ nirin, ti ìsinsìnyí, páànù ni. Ní 2009, ilé ìwádìí ààbò ojú pópó tí àwọn iléeṣẹ́ ìbánigbófò Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ pé àádọ́ta ọdún. Wọ́n mú Bel Air 1959 kan, wọ́n mú Chevrolet Malibu 2009 kan, wọ́n jẹ́ kí àwọn méjèèjì forí sọ ara wọn lápá dírẹ́bà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sá ní máìlì 40 ní wákàtí kan. Bel Air gùn, ó sì kún fún irin. Àmọ́ ibi tí dírẹ́bà jókòó sí ló rún, sìtíárìn àti dáṣíbọọ̀dù wọlé bá bèbí tí wọ́n fi ṣe dírẹ́bà. Ká ní èèyàn ni, ì bá kú níbẹ̀. Ti Malibu ì bá kàn fara pa díẹ̀ lẹ́sẹ̀. Inú bí àwọn olólùfẹ́ mọ́tò àtijọ́. Àwọn kan kéde pé wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì Bel Air náà kí wọ́n tó gbá a. Ilé ìwádìí náà dáhùn pé ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà wà nínú rẹ̀.

Ohun tó kù nínú ìtàn Bel Air ní Amẹ́ríkà kò gba àkókò. Ní 1962, àwọn eléré ìje fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òrùlé rẹ̀ tó fúyẹ́ àti ẹ́ńjìnnì kúbíìkì ínṣì 409. Caprice dé ní 1965, ó gun orí Impala, Bel Air tún sọ̀. Ní 1973, òun ló wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú àwọn mọ́tò ńlá Chevrolet. Àwọn ọlọ́pàá ń rà á, àwọn onítákísí ń rà á, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ń rà á, nítorí ó tóbi, kò sì ní ohun àfẹ́ tó ń gbówó lórí. Wọ́n yọ orúkọ náà kúrò ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn 1975. Kánádà lò ó títí di 1981. Orúkọ adúgbò olówó Los Angeles ti di orúkọ mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kì í fi ṣe fáàrí.

Ní Kúbà, ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Kó tó di 1959, Havana jẹ́ ọjà ńlá fún mọ́tò Amẹ́ríkà. Nǹkan bíi máìlì 90 ló wà láàárín Kúbà àti etí Florida, ohun tó bá sì jáde ní Detroit kì í pẹ́ dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí Fidel Castro gba ìjọba, Eisenhower, ààrẹ Amẹ́ríkà, fòfin de ọ̀pọ̀ ọjà tó ń lọ sí Kúbà ní oṣù Kẹwàá 1960, Kennedy tó gba ipò rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn pa pátápátá ní oṣù Kejì 1962. Mọ́tò Amẹ́ríkà ò dé mọ́, ohun èlò rẹ̀ ò dé mọ́. Ìjọba Kúbà náà ní òfin tirẹ̀: mọ́tò tó ti wà nílùú kó tó di 1959 nìkan ni aráàlú lè rà kó sì tà fàlàlà. Ó di 2011 kí wọ́n tó tú òfin náà. Fún àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, Bel Air 1957 ní Havana kì í ṣe mọ́tò èṣí. Dúkìá ni, tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Bí wọ́n ṣe mú un wà láàyè yẹ kí àwọn mẹkáníìkì ibi gbogbo gbọ́. Nígbà tí V8 kú, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì Volga láti Rọ́ṣíà sí i. Lẹ́yìn náà ni ti dísù dé, Perkins, Toyota, Hyundai, ohunkóhun tí wọ́n bá rí tó wọlé. Ohun tí kò bá bá a mu, wọ́n á gé e, wọ́n á jó o mọ́ra, wọ́n á lu ú títí yóò fi gbà. Nígbà tí ìjọba Soviet tú ká ní 1991 tí epo sì di ọ̀wọ́n, ìtóbi tí Earl fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra di ohun tó ń bọ́ ìdílé. Ìjókòó iwájú gùn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn, èèyàn mẹ́ta á fẹ̀gbẹ́ kẹ́gbẹ́ níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà, mẹ́ta lẹ́yìn. Almendrón ni wọ́n ń pe irú tákísí bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ló ń ná láàárọ̀ lálẹ́, láti ẹ̀bá Capitolio gba Vedado lọ sí Playa, á máa gbé èrò á sì máa já èrò. Àwọn tó ń gbé àlejò òyìnbó ní tiwọn kun ti wọn ní pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn kan sì gé òrùlé irin kúrò kí ó lè dà bí olórùlé aṣọ, nítorí ìyẹn ni àwọn tó ń ya fọ́tò fẹ́ràn.

Lára dígí tó wà níwájú dírẹ́bà nínú àwọn mọ́tò wọ̀nyí, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti dúdú máa ń fì sọ́tùn-ún sósì. Ti Ògún ni. Àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí oko ìrèké Kúbà, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Lukumí, gbé e lọ, ipò tó wà níbẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí tilé: ohun tí a fi irin ṣe, tó ń rìn, abẹ́ àṣẹ rẹ̀ ló wà. Dírẹ́bà Ìbàdàn tó ń so màrìwò mọ́ iwájú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Ògún kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ náà ń wá níbẹ̀.

Àwọn olówó Amẹ́ríkà tí ń kó mọ́tò àtijọ́ jọ ti ń fojú sí àwọn mọ́tò Kúbà yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ìjọba Kúbà kà wọ́n sí ohun àjogúnbá ìlú, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n gbé wọn jáde. Tí wọ́n bá tiẹ̀ gbé e jáde, ẹni tó ra Bel Air tó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lè bá ẹ́ńjìnnì Hyundai níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, èyí tó kù kò tó àwọn tó ń wá a, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣòwò kan ti ń tẹ irin tuntun báyìí, wọ́n sì ń jó o pọ̀ di odindi ara Bel Air 1955, 1956 tàbí 1957, láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí táyà. Ẹni tó bá rà á á lọ wá V8 tirẹ̀ fi sí i. Lẹbẹ wà lára ti 1957 tí wọ́n ń tẹ̀ náà, àyè ihò epo lápá òsì sì wà níbẹ̀.